Iye Ikú Nínú Ìwádìí Àìsàn Tó Le: Ohun Tó Yẹ Kí Gbogbo Ìdílé Mọ̀

Tí àìsàn tó le bá ṣe èèyàn wa kan, yálà ní Kano, Kaduna, Jos tàbí Sókótó, kì í pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi máa ń kún orí WhatsApp ẹgbẹ́. Ẹnì kan á ní abẹ́rẹ́ báyìí ló gba ọmọ òun là. Òmíràn á ní rárá o, oògùn àtijọ́ ló dájú. Kálukú ló ní ẹlẹ́rìí. Ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ń gbà yanjú irú àríyànjiyàn yìí kò pamọ́: wọ́n á ka iye àwọn tó kú nínú àwọn tó gba oògùn kan, wọ́n á ka iye àwọn tó kú nínú àwọn tí kò gbà á, wọ́n á sì fi méjèèjì wéra. A fẹ́ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ka ikú yìí, ibi tó ti wúlò, ibi tí kò ti tó, àti bó ṣe kan àwa tí a ń gbé lẹ́yìn odi.

Kí ni wọ́n ń pè ní iye ikú?

A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ìyẹn ni àwọn àgbà wa wí. Kò dùn mọ́ ẹnikẹ́ni nínú kí wọ́n máa ka òkú èèyàn rẹ̀ bí ẹni ń ka iṣu. Ṣùgbọ́n nínú ìwádìí ìṣègùn, ẹni tí wọn ò bá kà, a jẹ́ pé ikú rẹ̀ kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní ẹ̀kọ́ kankan nìyẹn.

Iye ikú ní ẹsẹ̀ mẹ́ta tó fi dúró. Àkọ́kọ́ ni iye àwọn tó bẹ̀rẹ̀. Èkejì ni iye àwọn tó kú nínú wọn. Ẹ̀kẹta ni iye ọjọ́ tí wọ́n fi ṣọ́ wọn. Tí ẹnì kan bá sọ pé “èèyàn mẹ́wàá ló kú,” kò tíì sọ nǹkan kan. Mẹ́wàá nínú ogún ni, àbí mẹ́wàá nínú ẹgbẹ̀rún? Láàárín ọjọ́ méjì ni, àbí láàárín ọdún márùn-ún?

Ọjọ́ yìí máa ń yàtọ̀ bí àìsàn ṣe yàtọ̀. Fún àìsàn tó ń pa ọmọdé kíákíá, wọ́n lè ka ikú láàárín wákàtí 48. Fún àwọn tó wà lórí ẹ̀rọ amúnimí, ọjọ́ 28 ló wọ́pọ̀. Fún ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ọjọ́ 42 ni, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ogójì ọjọ́ tí àwọn ìyá wa fi ń tọ́jú abiyamọ dọ́gba. Fún jẹjẹrẹ, ó lè jẹ́ ọdún márùn-ún. Kí ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà dúró de ọjọ́ tó máa gbe oògùn rẹ̀ lẹ́yìn.

Kí ló dé tó jẹ́ ikú ni wọ́n ń kà?

Ìdí àkọ́kọ́ ni pé ikú kò ní àríyànjiyàn. Ara gbígbóná lè lọ sílẹ̀ lówùúrọ̀ kó tún padà lálẹ́. Dókítà kan lè sọ pé ara aláìsàn ti ń yá, kí èkejì sọ pé kò tíì yá. Ṣùgbọ́n ẹni tó kú ti kú, yálà dókítà fẹ́ràn oògùn náà tàbí kò fẹ́ràn rẹ̀.

Ìdí kejì ni pé ohun tó pa èèyàn máa ń fa ìjà. Baálé ilé kan ṣubú lulẹ̀, ó kú. Àwọn kan á ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, àwọn kan á ní ìrònú ló pa á, ẹlòmíì á ní ọwọ́ ayé ló tẹ̀ ẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ń kú sílé láìsí ìwé dókítà kankan. Nítorí náà, nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí, gbogbo ikú ni wọ́n ń kà, ohun yòówù tó fà á. Ìyẹn tún ní àǹfààní kan: tí oògùn kan bá ń wo kíndìnrín sàn ṣùgbọ́n tó ń ba ọkàn jẹ́, kíka gbogbo ikú máa tú àṣírí rẹ̀.

Ìdí kẹta ni pé ikú ni ohun tí aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ ń bẹ̀rù jù. Wọ́n ní àrùn là ń wò, a kì í wo ikú. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n tí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá àrùn tó le ni a ń wò lóòótọ́, ẹ jẹ́ ká wo bóyá ikú dínkù.

Ṣíṣẹ́ kèké

Kíka ikú nìkan kò tó. Ká ní oògùn tuntun kan wọ́n, olówó nìkan ló lè rà á. Olówó ló máa ń tètè dé ọsibítù, òun ló ń jẹun dáadáa, òun ló ní mọ́tò lóru. Tí ikú bá kéré láàárín wọn, ṣé oògùn ni, àbí owó? A ò lè mọ̀.

Nítorí èyí ni wọ́n fi máa ń ṣẹ́ kèké. Kọ̀ǹpútà tàbí àpòòwé tí wọ́n lẹ̀ pa ló ń pinnu ẹni tó máa gba oògùn kan àti ẹni tó máa gba èkejì. Dókítà kò yàn, ẹbí kò yàn. Olówó àti tálákà, ẹni tó tètè dé àti ẹni tó pẹ́, gbogbo wọn á pín sí ọ̀nà méjèèjì. Tí ikú bá wá yàtọ̀ gidi, oògùn la máa bi.

Ẹ jẹ́ ká wo ìwádìí mẹ́ta tó kan ilẹ̀ Áfíríkà.

Ibà tó le: kuníìnì àti artesunate

Ó pẹ́ gan-an tó jẹ́ pé kuníìnì ni wọ́n fi ń wo ibà tó bá ti gun orí ọmọ, tí ọmọ ń gìrì tàbí tí kò mọ ẹni mọ́. Ní ọdún 2005, ìwádìí kan láti Éṣíà, tí wọ́n ṣe ní Bangladesh, Myanmar, Íńdíà àti Indonéṣíà, fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó gba kuníìnì, nǹkan bí 22 ló kú. Nínú ọgọ́rùn-ún tó gba abẹ́rẹ́ artesunate, nǹkan bí 15. Àgbàlagbà ló pọ̀ jù nínú wọn. Ìbéèrè tó kù ni pé: ṣé bẹ́ẹ̀ náà ló máa rí fún àwọn ọmọdé ilẹ̀ Áfíríkà, níbi tí ibà ti ń pa ọmọ jù lágbàáyé?

Ìwádìí tó dáhùn ni AQUAMAT. Orílẹ̀-èdè Áfíríkà mẹ́sàn-án ni wọ́n ti ṣe é, láti 2005 sí 2010. Nàìjíríà wà níbẹ̀, Ìlọrin sì ni wọ́n ti ṣe tiwa. Ọmọ 5,425 ló kópa. Nínú 2,713 tó gba kuníìnì, 297 kú. Nínú 2,712 tó gba artesunate, 230 kú. Ìyẹn ni pé nínú ẹgbẹ̀rún ọmọ, nǹkan bí 109 ló kú pẹ̀lú kuníìnì, 85 pẹ̀lú artesunate.

Ọ̀nà méjì ni èèyàn lè gbà sọ èsì yìí, ẹ ṣọ́ra fún un. Ẹnì kan lè ní “artesunate dín ikú kù pẹ̀lú nǹkan bí 22 nínú ọgọ́rùn-ún.” Ẹlòmíì lè ní “ọmọ 24 nínú ẹgbẹ̀rún ló gbà là sí i.” Òótọ́ ni méjèèjì. Ti àkọ́kọ́ ń fi ikú kan díwọ̀n èkejì. Ti èkejì ń sọ iye ọmọ tó wà láàyè gan-an. Tí a bá gba ọ̀nà kejì, a máa rí i pé tí a bá fún nǹkan bí ọmọ 42 ní artesunate dípò kuníìnì, ọmọ kan tí ì bá kú máa yè. Ẹni tó ń polówó oògùn sábà máa ń mú ọ̀nà tí nọ́ńbà ti tóbi jù. Ẹ máa béèrè ìkejì.

Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé ìyàtọ̀ yìí kò lè hàn sí dókítà kan nínú wọ́ọ̀dù rẹ̀. Bó bá tọ́jú ọmọ márùndínlọ́gọ́ta lọ́dún, ikú kan tàbí méjì ló wà láàárín oògùn méjèèjì, ojú lásán kò lè rí i. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi nílò ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ. Ní 2011, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé artesunate ni kí wọ́n máa kọ́kọ́ lò fún àwọn ọmọdé tí ibà tó le ń ṣe.

Omi tí wọ́n fà sí ọmọ lára

Èyí ló ya ọ̀pọ̀ dókítà lẹ́nu jù. Tí ọmọ bá dé ọsibítù pẹ̀lú ara gbígbóná, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù, tí ọkàn rẹ̀ ń sáré, ohun tí ìwé ìṣègùn ń sọ nígbà náà ni pé kí wọ́n yára da omi púpọ̀ sí i lára láti ojú iṣan. Ìwádìí FEAST, tí wọ́n ṣe ní Kenya, Uganda àti Tanzania, ní kí àwọn wò ó bóyá ó ń gba ọmọ là.

Wọ́n pín ọmọ 3,141 sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn kan gba omi oníyọ̀ kíákíá, àwọn kan gba omi tó ní albumin kíákíá, àwọn yòókù kò gba èyíkéyìí kíákíá. Omi tó ń wọlé díẹ̀díẹ̀ nìkan ni wọ́n fún wọn, pẹ̀lú oògùn àti ìtọ́jú tí gbogbo wọn jọ ń gbà.

Lẹ́yìn wákàtí kan, àmì àìsàn ti kúrò lára púpọ̀ nínú àwọn tó gba omi kíákíá ju àwọn yòókù lọ. Tó bá jẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n dúró sí, wọ́n á ní omi ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ikú láàárín wákàtí 48 ni wọ́n ti pinnu láti kà. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tó gba omi oníyọ̀ kíákíá, 10.5 ló kú. Àwọn tó gba ti albumin, 10.6, àwọn tí wọn ò dà á sí lára kíákíá, 7.3. Omi tí gbogbo ayé rò pé ó ń gbani là ló ń pa kún àwọn tó ń kú.

Ìgbìmọ̀ kan wà tó máa ń yẹ iye ikú wò nígbà tí ìwádìí ń lọ lọ́wọ́, láìsí pé àwọn dókítà tó ń tọ́jú ọmọ mọ ohun tí ìgbìmọ̀ ń rí. Ìgbìmọ̀ yìí ló ní kí wọ́n dúró ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2011, kí iye ọmọ 3,600 tí wọ́n fẹ́ gbà tó pé. Wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde lọ́dún kan náà.

A gbọ́dọ̀ ṣàlàyé kan kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì wá gbọ́. Ìwádìí yìí kò kan ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru tàbí tó ń bì. Wọn ò gba irú wọn síbẹ̀. Omi ṣì ni ẹ̀mí irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Kò sì sí ibi tí FEAST ti sọ pé kí wọ́n má fún ọmọ ní omi rárá.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé àmì tó dára kì í ṣe ìyè. Ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí ogún ọdún ṣáájú, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí ìkọlù ọkàn (heart attack) ti ṣe rí tí wọ́n yè é. Ọkàn wọn kì í lù déédéé, wọ́n sì fún àwọn kan ní oògùn tó ń mú kó lù déédéé. Ọkàn lù déédéé lóòótọ́. Nígbà tí wọ́n ka ikú nínú ìwádìí tó ń jẹ́ CAST, 63 ló kú nínú 755 tó lo oògùn, 26 ló kú nínú 743 tí kò lò ó.

Ìyá tó ń sun ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ

Tí ìkókó bá kú tí ìyá yè, a máa ń ní omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ìsun ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ ló ń fọ́ agbè jù lágbàáyé. Ìwádìí WOMAN, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2017, dán oògùn kan tó ń jẹ́ tranexamic acid wò lára ìyá 20,060 ní ọsibítù 193 ní orílẹ̀-èdè 21. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ìyá tó kópa ti pọ̀ jù.

Ibí ni kíka ikú ti wá díjú díẹ̀. Ikú tí ìsun ẹ̀jẹ̀ fà jẹ́ 155 láàárín àwọn tó gba oògùn, 191 láàárín àwọn tó gba omi lásán. Ìyẹn dínkù. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ka gbogbo ikú pọ̀, 227 ni ní ọ̀nà kan, 256 ní èkejì. Ìyàtọ̀ náà kéré débi pé ó lè jẹ́ oríire lásán. Kí ló fà á? Oògùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró kò lè wo kòkòrò tó wọ ara tàbí gìrì abiyamọ. Àwọn ikú wọ̀nyẹn ń bo èyí tí oògùn lè dá dúró mọ́lẹ̀. Ẹ rí i pé kíka gbogbo ikú, tó dára tó bí a ṣe sọ lókè, lè fi oògùn gidi pamọ́ nígbà mìíràn. Onímọ̀ gbọ́dọ̀ fi méjèèjì síta kí aráyé wò ó.

Ohun tó hàn kedere jù ni àsìkò. Láàárín àwọn tó gbà á kí wákàtí mẹ́ta tó pé lẹ́yìn ìbímọ, ìsun ẹ̀jẹ̀ pa 89. Àwọn tó gba omi lásán, 127. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, àǹfààní náà kò hàn mọ́. Lọ́dún yẹn náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa lò ó láàárín wákàtí mẹ́ta. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé níbi tí ọsibítù jìnnà sí, ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́.

Àwọn wo ni wọ́n kà?

Ní 2020, nígbà kòrónà, ìwádìí RECOVERY ní Bìrìtìkó dán dexamethasone wò. Láàárín àwọn tó wà lórí ẹ̀rọ amúnimí, ikú láàárín ọjọ́ 28 sọ̀kalẹ̀ láti 41.4 sí 29.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn tí kò nílò ọ́síjìn rárá, ikú jẹ́ 17.8 pẹ̀lú oògùn, 14.0 láìsí i: kò sí àǹfààní kankan níbẹ̀. Oògùn kan náà, àrùn kan náà. Ẹni tó gbọ́ pé “ó ń gba oníkòrónà là,” tó wá lọ ra á ní kẹ́mísítì nítorí ikọ́ díẹ̀, kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán.

Ibi tí iye ikú kò tó

Kí èèyàn má kú nìkan kọ́ ni ìwòsàn. Ọmọ lè yè nínú ibà tó gun orí, kí etí rẹ̀ di, tàbí kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ má ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Àrùn rọpárọsẹ̀ náà ńkọ́? Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń béèrè pé báwo ni ẹni tó yè ṣe rí.

Ìwádìí kan tó ń jẹ́ RESCUEicp, tí wọ́n darí láti Cambridge, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2016, fi èyí hàn gbangba. Àwọn tó fi orí ṣèṣe, tí ọpọlọ wọn wú, ni wọ́n ṣẹ́ kèké fún: kí wọ́n ṣí egungun orí àwọn kan, kí wọ́n fi oògùn nìkan tọ́jú àwọn yòókù. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, 26.9 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú nínú àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún, 48.9 nínú àwọn yòókù. Ẹ̀mí púpọ̀ ló yè. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà láàyè láìmọ ẹnikẹ́ni, láìmọ ohun tó ń lọ láyìíká wọn, jẹ́ 8.5 ní ẹgbẹ́ iṣẹ́ abẹ, 2.1 ní ẹgbẹ́ kejì. Ṣé iṣẹ́ abẹ náà dára? Nọ́ńbà kò lè dá ìyẹn dáhùn fún ìdílé. Ohun tó lè ṣe ni pé kí dókítà sọ gbogbo rẹ̀ fún yín kí ẹ tó buwọ́ lùwé.

Tí wọ́n bá pè yín lórí fóònù

Ibí ló kan àwa ará ẹ̀yìn odi jù. Ẹni tó wà nínú ìwádìí ní Jos tàbí Kano lè le débi pé àwọn ẹbí á ní kí wọ́n gbé e lọ sílé, sí Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà tàbí Ìlọrin. Wọ́n á gbé e lọ láìsọ fún nọ́ọ̀sì. Nígbà tí ọjọ́ 28 bá pé, ọsibítù á pè. Nọ́ńbà kò lọ. Tàbí kó lọ, kí ẹni tó gbé e ní “ara bàbá kò fi bẹ́ẹ̀ le,” nígbà tí bàbá ti wà nílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì. A mọ ìdí rẹ̀. A kì í sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún àjèjì lórí fóònù. A máa ń ní wọ́n ti dákẹ́, wọ́n ti sùn, wọ́n ti lọ sílé. Ẹni tó ń pè, tí kò gbọ́ Yorùbá dáadáa, lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé bàbá sùn, kó sì kọ ọ́ mọ́ àwọn tó wà láàyè.

Ẹ jẹ́ ká ní ọgọ́rùn-ún èèyàn ló gba oògùn kan, wọ́n mọ̀ pé mẹ́wàá kú, ṣùgbọ́n mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti lọ sílé tí wọn ò rí wọn mọ́. Ikú lè jẹ́ mẹ́wàá, ó lè jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Láàárín méjèèjì, oògùn dáadáa lè di burúkú, burúkú lè di dáadáa. Ẹni tó máa jìyà rẹ̀ ni aláìsàn tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ó sì lè jẹ́ ọmọ yín.

Nítorí náà, ohun tí a ń rọ̀ yín ni pé: tí ẹ bá gbà láti kópa, ẹ fún wọn ní nọ́ńbà èèyàn méjì, kí ọ̀kan wà nílé lọ́hùn-ún. Tí ẹ bá fẹ́ gbé aláìsàn lọ, ẹ sọ fún wọn. Ẹ̀tọ́ yín ni láti kúrò nígbàkígbà, kò sì yẹ kí wọ́n dá ìtọ́jú dúró nítorí rẹ̀. Tí ọlọ́jọ́ bá sì ti dé, ẹ sọ ọ́ ní tààrà: “wọ́n ti kú,” kí ẹ sì sọ ọjọ́ tó jẹ́.

Ìbéèrè tí ẹ lè béèrè

Tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé oògùn kan ń gba ẹni tó ní àìsàn tó le là, ẹ bi í ní àwọn nǹkan wọ̀nyí:

1. Èèyàn mélòó ló gbà á, mélòó ló kú nínú wọn?
2. Mélòó ló kú nínú àwọn tí kò gbà á?
3. Ṣé kèké ni wọ́n fi pín wọn, àbí ẹni tó wù wọ́n ni wọ́n fún?
4. Ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi ṣọ́ wọn?
5. Ṣé gbogbo ikú ni wọ́n kà, àbí irú kan nìkan?
6. Àwọn mélòó ni wọn ò rí mọ́?
7. Báwo ni ara àwọn tó yè ṣe rí?

Dókítà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú sí ìbéèrè wọ̀nyí. Ẹni tó bá ń ta oògùn nínú mọ́tò, tí kò lè dáhùn ẹyọ kan nínú wọn, ẹ fowó yín sápò.